Asáré Mẹ́rin, Ọ̀pá Kan: Ìdíje àti Àjọṣe Nínú Ìtàn Eré Sísá Nàìjíríà

Ẹni tí ó bá dúró ní Òṣòdì ní òwúrọ̀ kùtùkùtù yóò rí ohun kan tí ó yẹ kí á ronú lé lórí. Ọkọ̀ dáńfó méjì ń lọ sí Ìsọlọ̀. Kọ̀ndọ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń pe èrò, kọ̀ndọ́ ọkọ̀ kejì náà ń pe èrò. Bí ọ̀kan bá ti rí ènìyàn mẹ́ta tí ń bọ̀ láti ìhà ojú irin, èkejì ti sáré lọ pàdé wọn. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n yóò ní ọ̀tá paraku ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí taya ọ̀kan bá jò lójú ọ̀nà, èkejì ni yóò yá a ní jáàkì, òun náà ni yóò sì kó èrò rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, abẹ́ igi kan náà ni àwọn méjèèjì yóò jókòó sí.

Ìbéèrè tí ètò yìí gbé ka iwájú àwọn olùwò kò jìnnà sí èyí. Ǹjẹ́ ẹni tí ń bá ẹnì kejì rẹ̀ du ipò kan náà lè jẹ́ alábàáṣiṣẹ́ tòótọ́ fún un? Nínú agbo ilé, orogún ni Yorùbá ń pe àwọn obìnrin tí ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Orogún kì í ṣe ọ̀tá. Ọkọ kan ni ó pa wọ́n pọ̀, òrùlé kan ni wọ́n ń gbé lábẹ́ rẹ̀, bí iná bá sì mú òrùlé náà, ti gbogbo wọn ni ó jóná. Ohun tí ó ṣòro ni láti mọ ibi tí ìdíje yẹ kí ó parí sí àti ibi tí àjọṣe ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà púpọ̀ ni a lè gbà dáhùn ìbéèrè yìí, ṣùgbọ́n ìtàn àwọn asáré ọ̀nà kúkúrú ilẹ̀ Nàìjíríà ti fún wa ní ìdáhùn tí a lè fi iye ìṣẹ́jú àáyá wọ̀n.

Kò wọ́pọ̀ kí á rí ọmọ tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Òṣòdì tàbí ní Ìsọlọ̀ tí kò mọ eré ìje ọ̀pá, èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní rílè. Ní ọjọ́ ìdíje ilé-sí-ilé, lẹ́yìn tí a bá ti sá eré 100 mítà, 200 mítà àti 400 mítà tán, eré ìje ọ̀pá ni a máa ń fi kádìí rẹ̀. Àwọn ọmọ méjì tí wọ́n ti ń gbó ara wọn lẹ́nu láti àárọ̀ nítorí pé ọ̀kan fi àyà ju èkejì lọ ni a óò tún pè jáde pé kí wọ́n jọ sá fún ilé aláwọ̀ pupa tàbí ilé aláwọ̀ ewé. Láti Ìsọlọ̀, ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìtìrẹ́ kò ní pẹ́ kí ó tó dé Sùúrùlérè, níbi tí Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-Èdè wà. Lórí pápá náà ni a ti ṣe Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, ibẹ̀ náà ni àwọn asáré ilẹ̀ Áfíríkà sì tún pé sí fún ìdíje ńlá wọn ní ọdún 1989. Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ sọ kì í ṣe àjèjì sí àwọn ará àdúgbò wọ̀nyí.

Kí á tó wọ inú ìtàn, ó yẹ kí á mọ bí eré náà ti rí. Nínú eré ìje ọ̀pá ti 100 mítà, asáré mẹ́rin ni yóò pín yípo pápá láàárín ara wọn. Ẹni tí yóò gba ọ̀pá kì í wo ẹ̀yìn. Ó ti fi àmì sí ilẹ̀ ṣáájú. Bí ẹni tí ń bọ̀ bá ti tẹ àmì náà, yóò fò jáde bí ẹni tí a ta lọ́fà, yóò sì na ọwọ́ sẹ́yìn nígbà tí ó bá gbọ́ ohùn ẹnì kejì rẹ̀. Bí ó bá tètè jáde jù, ọwọ́ ẹni tí ń bọ̀ kò ní tó o. Bí ó bá pẹ́ jù, wọn yóò kọlu ara wọn. Ní àwọn ọdún tí ìtàn yìí dá lé, 20 mítà péré ni òfin fi sílẹ̀ fún ìpààrọ̀ ọ̀pá, pẹ̀lú 10 mítà ṣáájú rẹ̀ tí ẹni tí ń gbà lè fi kó eré jọ. Bí ọ̀pá bá ré kọjá ààlà yẹn kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ń gbà á, iṣẹ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di òfo. Eré 400 mítà yàtọ̀ díẹ̀. Níbẹ̀, ẹni tí ń fúnni ní ọ̀pá ti rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ń gbà ní láti wo ẹ̀yìn kí ó sì gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan ni ó wà nídìí méjèèjì: a kò lè fi ẹsẹ̀ nìkan sá a.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ wá láti ìlú Brisbane ní ilẹ̀ Ọsirélíà, níbi tí a ti ṣe Ìdíje Kọmọnwẹ́lì ní ọdún 1982. Nínú eré 100 mítà àwọn ọkùnrin, kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ. Allan Wells ti ilẹ̀ Sikọ́tíláǹdì ni ó ṣe ipò kìn-ín-ní, Ben Johnson ti Kánádà tẹ̀lé e, Cameron Sharp tí òun náà jẹ́ ará Sikọ́tíláǹdì sì ṣe ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó bá fi èyí ṣe ìṣirò yóò ní láàárín Sikọ́tíláǹdì àti Kánádà ni wúrà eré ìje ọ̀pá yóò ti jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lawrence Adegbehingbe, Iziaq Adéyanjú, Samson Oyeledun àti Ikpoto Eseme ni ó gba wúrà fún Nàìjíríà ní ìṣẹ́jú àáyá 39.15. Kánádà ṣe èkejì, Sikọ́tíláǹdì ṣe ẹ̀kẹta. Àwọn tí kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó borí gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan ṣoṣo ni ó borí nígbà tí wọ́n di mẹ́rin. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Ní ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní Los Angeles ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà tún fara hàn lọ́nà mìíràn. Ọmọ Nàìjíríà méjì, Sunday Uti àti Innocent Egbunike, dé ìpele àṣekágbá eré 400 mítà nínú ìdíje Òlíńpíìkì. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1984, àwọn méjèèjì dúró lórí ìlà, olúkúlùkù sì ń sá fún ara rẹ̀. Uti ṣe ipò kẹfà, Egbunike ṣe keje. Kò sí ẹni tí ó gba nǹkan bọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta péré, ní ọjọ́ 11 oṣù náà, àwọn méjèèjì tún padà sórí pápá kan náà. Ní ọ̀tẹ̀ yìí, Moses Ugbisie àti Rótìmí Peters wà láàárín wọn. Uti ni ó bẹ̀rẹ̀, Egbunike ni ó parí rẹ̀. Ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 59.32 ni wọ́n fi sá a, wọ́n sì gba idẹ. Àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà lórí pápá eré sísá àti fífò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Kí ni ó wà lọ́kàn ẹni tí ó ṣe ipò kẹfà àti ẹni tí ó ṣe ipò keje? Ẹni tí ó bá mọ ọkàn ọmọ ènìyàn mọ̀ pé ìjà abẹ́lẹ̀ lè wọlé nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan lè ní òun ni ó yẹ kí ó sá ẹsẹ̀ ìkẹyìn, nítorí pé ẹni tí ó bá sá ẹsẹ̀ ìkẹyìn ni ayé yóò rí nígbà tí ó bá ń já okùn. Ní Los Angeles, ẹni tí ó ṣe ipò kẹfà ni a fi sí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni tí ó tẹ̀lé e ni a sì fi sí ìkẹyìn. Ipò tí ó bá iṣẹ́ mu ni a wò, a kò wo ipò tí ó bá iyì mu.

Ní Barcelona ní ilẹ̀ Sípéènì, ní ọdún 1992, ìtàn náà tún ara rẹ̀ sọ ní ọ̀nà tí ó jọni lójú. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ, ọmọ Nàìjíríà méjì ni ó wà nínú àwọn mẹ́jọ tí ó sá àṣekágbá 100 mítà. Ọlápàdé Adeniken, ọmọ Òṣogbo, ṣe ipò kẹfà ní ìṣẹ́jú àáyá 10.12. Davidson Ezinwa ṣe ipò kẹjọ ní 10.26. Nígbà tí ó di ọjọ́ 8 oṣù náà, Olúyẹmí Káyọ̀dé gbé ọ̀pá, ó fà á lé Chidi Imoh lọ́wọ́, Imoh fà á lé Adeniken lọ́wọ́, Adeniken sì fà á lé Ezinwa lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú àáyá 37.98 ni. Amẹ́ríkà ni ó gba wúrà, Nàìjíríà gba fàdákà, Kúbà sì gba idẹ ní 38.00. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó wà láàárín fàdákà àti idẹ. Kí á ṣẹ́jú lásán ju ìyẹn lọ.

Bí a bá pín 37.98 sí ọ̀nà mẹ́rin, yóò jẹ́ 9.495 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Títí di òní, kò sí ọkùnrin kan láyé tí ó tíì sá 100 mítà ní iye ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Usain Bolt ti Jàmáíkà, tí ó yára jù lọ nínú àkọsílẹ̀, sá a ní 9.58 ní ọdún 2009. Báwo wá ni àwọn tí kò yára tó Bolt ṣe rí 9.495? Ìdí ni pé ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn mẹ́rin ni ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdúró. Àwọn mẹ́ta yòókù ti ń sáré kí ọ̀pá tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Eré tí ẹnì kan ti kó jọ ni ẹnì kejì ń gbà, tí òun náà sì ń fi tirẹ̀ kún un. Èyí ni pé àjọṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. A lè wọ̀n ọ́n pẹ̀lú aago.

Ní ọjọ́ kan náà yẹn, àwọn obìnrin náà kò gbẹ́yìn. Beatrice Utondu, Faith Idehen, Christy Opara-Thompson àti Mary Onyali sá tiwọn ní ìṣẹ́jú àáyá 42.81, wọ́n sì gba idẹ. Faransé ni ó tẹ̀lé wọn ní 42.85. Nínú àwọn obìnrin mẹ́rin wọ̀nyí, Onyali nìkan ni ó dé àṣekágbá 100 mítà. Ó mọ̀ pé òun ni ó yára jù, àwọn yòókù náà sì mọ̀. Síbẹ̀, bí àwọn mẹ́ta kò bá gbé ọ̀pá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ni eré rẹ̀ fẹ́ sọ?

Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí bí orogún ṣe ń di ọmọ ìyá, Atlanta ni kí ó lọ, ní ọdún 1996. Obìnrin méjì ni ó wà nínú ìtàn yìí, ọmọ Yorùbá sì ni àwọn méjèèjì. Fálílátù Ògúnkọ̀yà jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn. A bí Fàtímà Yusuf ní Ọ̀wọ̀. Ògúnkọ̀yà ni ó ṣáájú dé ojú ayé. Ní ọdún 1986, ó gba wúrà 200 mítà nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ní Athens. Yusuf náà kò pẹ́ kí ó tó fara hàn. Ní ọdún 1990, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 19, ó gba wúrà 400 mítà nínú Ìdíje Kọmọnwẹ́lì ní Auckland. Ní ọdún 1995, ní Harare, ó sá 400 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 49.43, ó sì di obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó sá a ní iye tí kò tó 50. Láti ọjọ́ náà, kò sí obìnrin Nàìjíríà tí ó lè pe ara rẹ̀ ní asáré 400 mítà tí kò ní fi Yusuf ṣe òṣùwọ̀n.

Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1996, àwọn méjèèjì bọ́ sórí ìlà fún àṣekágbá 400 mítà. Marie-José Pérec ti ilẹ̀ Faransé ni ó gba wúrà, Cathy Freeman ti Ọsirélíà gba fàdákà. Ògúnkọ̀yà ṣe ipò kẹta ní 49.10, ó sì gba àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ ẹnì kejì rẹ̀ lọ́wọ́. Yusuf ṣe ipò kẹfà ní 49.77. Ẹ wò ó: lọ́jọ́ kan ṣoṣo, lójú gbogbo ayé, Yusuf pàdánù àmì-ẹ̀yẹ, ó sì pàdánù àkọsílẹ̀ tí ó fi orúkọ rẹ̀ ga, ọmọ ilé rẹ̀ ni ó sì gba méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ agbo ilé ni, ọjọ́ yẹn ni à bá wí pé kí àgbà wá jókòó sáàárín wọn.

Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ, a to àwọn obìnrin mẹ́rin sílẹ̀ fún eré ìje ọ̀pá ti 400 mítà. Bísí Afọlábí ni ó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó gba wúrà 400 mítà àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ní Lisbon ní ọdún 1994. Yusuf gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, Charity Opara gbà á lọ́wọ́ Yusuf, Ògúnkọ̀yà sì ni ó sá ìkẹyìn. Ẹni tí a gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ń sá kí ẹni tí ó gbà á lè rí ọ̀nà. Ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 21.04 ni wọ́n fi parí rẹ̀. Amẹ́ríkà gba wúrà ní 3 àti 20.91, Jámánì gba idẹ ní 3 àti 21.14. Láàárín wúrà àti fàdákà, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni. Láàárín fàdákà àti idẹ, ìdá 10 ni. Bí Yusuf bá fi ìbànújẹ́ ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn fa ẹsẹ̀ díẹ̀, fàdákà náà ti lọ. Kò fà á. Àmì-ẹ̀yẹ tí kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ó dá sá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ó bá orogún rẹ̀ sá.

Ẹnì kan lè bèèrè pé, ṣé gbogbo ibi tí asáré méjì bá ti wà nínú ẹgbẹ́ kan ni ọ̀rọ̀ máa ń já sí ire bẹ́ẹ̀? Rárá. Ẹ jẹ́ kí á wo àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ní ilẹ̀ Yúróòpù, nínú ìdíje tí a ń pè ní Tour de France. Níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá. Ẹni tí ó wà níwájú ni ó ń la afẹ́fẹ́; ẹni tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ń tọ́jú agbára. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ kan ṣe máa ń to ara wọn tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀, tí olúkúlùkù yóò fi gbogbo agbára rẹ̀ la afẹ́fẹ́, tí yóò sì yà, títí yóò fi ku nǹkan bí 200 mítà kí asáré wọn tó yọ jáde láti gba ìlú. Ní ọdún 2009, ní òpin ìdíje náà ní Paris, Mark Renshaw ọmọ Ọsirélíà la afẹ́fẹ́ fún Mark Cavendish ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà tí ó péye tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé Cavendish ṣe ipò kìn-ín-ní, Renshaw fúnra rẹ̀ sì ṣe èkejì.

Ṣùgbọ́n asáré kẹ̀kẹ́ ńlá mìíràn wà nínú ẹgbẹ́ kan náà yẹn, André Greipel ọmọ Jámánì. Cavendish ni ẹgbẹ́ náà yàn láti lọ sí Tour de France. Wọ́n fi Greipel sílẹ̀ sílé. Lẹ́yìn ọdún 2010, Greipel kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Ní ọdún 2011, ní ìlú Carmaux, ó pàdé Cavendish lórí ọ̀nà, ó sì borí rẹ̀. Kí ni ó fà á tí àjọṣe fi fọ́ níbẹ̀ tí kò sì fọ́ ní Atlanta? Àwọn mẹ́jọ lè la afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni a ń kọ sílẹ̀ pé ó borí lọ́jọ́ náà. Nínú eré ìje ọ̀pá, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ń gun orí àga, àmì-ẹ̀yẹ mẹ́rin ni a sì ń fi kọ́ wọn lọ́rùn. Àní ẹni tí ó sá ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, gẹ́gẹ́ bí Osmond Ezinwa, ìbejì Davidson, ti ṣe ní Barcelona, ń gba tirẹ̀. Ibi tí a bá ti pín èrè dọ́gba, orogún kì í sá kúrò nílé.

A kò sì gbọdọ̀ rò pé ẹni tí ó bá ní asáré púpọ̀ ni yóò borí. Amẹ́ríkà ní asáré bí ewé oko. Síbẹ̀, ní Beijing ní ọdún 2008, ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin wọn ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún bọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin wọn. Ní Paris ní ọdún 2024, a yọ orúkọ àwọn ọkùnrin wọn kúrò nínú àṣekágbá nítorí pé wọn kò pààrọ̀ ọ̀pá bí ó ti yẹ. Ẹsẹ̀ kò jẹ̀bi. Ọwọ́ ni kò gbọ́ra yé.

Ìtàn tí ó kẹ́yìn ni ó wọni lọ́kàn jù. Ní Sydney ní ọdún 2000, kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan nínú àṣekágbá 400 mítà àwọn ọkùnrin. Ìdíje ti já wọn sílẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong jáde fún eré ìje ọ̀pá. Bada ni àgbà wọn. Ó ti pé ẹni ọdún 31, ó sì ti gba wúrà àgbáyé nínú eré 400 mítà ti inú ilé ní Paris ní ọdún 1997. Udo-Obong jẹ́ ọmọ ọdún 18. Ní ti ọjọ́ orí àti ní ti orúkọ, Bada ni à bá fi ẹsẹ̀ ìkẹyìn dá lọ́lá. Ẹsẹ̀ kẹta ni ó sá. Ó sá a tán, ó sì fà ọ̀pá lé ọmọdé lọ́wọ́. Ọmọ náà lé àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀ bá, ó sì fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú Jàmáíkà dé ìlà. Amẹ́ríkà ni ó gba wúrà, Nàìjíríà gba fàdákà ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 58.68. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 2008, Antonio Pettigrew, ọ̀kan nínú àwọn tí ó sá fún Amẹ́ríkà lọ́jọ́ náà, jẹ́wọ́ pé òun ti lo oògùn tí òfin kà léèwọ̀. A gba wúrà lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́ náà. Ní oṣù keje ọdún 2012, Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé gbé wúrà náà fún Nàìjíríà. Fidelis Gadzama àti Nduka Awazie, tí wọ́n sá ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀, pín nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Sunday Bada kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti kú ní oṣù kejìlá ọdún 2011, oṣù méje péré kí ìpinnu náà tó jáde.

Bí èrè ti jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìtìjú náà jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́. Ẹnì kan dá ẹ̀ṣẹ̀, gbogbo àwọn tí ó bá a sá ni ó san án. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi Amẹ́ríkà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí Nàìjíríà náà rí. Àwọn ọkùnrin wa gba idẹ eré ìje ọ̀pá ní ìdíje àgbáyé ní Seville ní ọdún 1999; a sì gbà á padà lọ́wọ́ wọn nítorí oògùn tí a rí lára ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí ó bá fi ọ̀pá lé ènìyàn lọ́wọ́ ti fi orúkọ ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú.

Kí ni a rí kọ́ nínú gbogbo èyí? Ní Los Angeles, ní Barcelona àti ní Atlanta, àwọn tí ó bá ara wọn du ipò ní àṣekágbá ni ó padà wá pa ọwọ́ pọ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ. Kì í ṣe pé wọ́n pa ìdíje tì. Ìdíje gan-an ni ó pọ́n wọn bí òkúta ti ń pọ́n ọ̀bẹ. Bí Yusuf kò bá sá 49.43, bóyá Ògúnkọ̀yà kò ní wá 49.10 lọ, bí Ògúnkọ̀yà kò bá sì rí 49.10, ta ni yóò sá ẹsẹ̀ ìkẹyìn sí Amẹ́ríkà lójú? Ohun tí ó gbà wọ́n là ni pé wọ́n mọ ààlà. Títí dé ìlà, olúkúlùkù ni ó ni eré rẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀pá bá ti wọlé, ọ̀pá ni ó ni gbogbo wọn.

Ní Òṣòdì, awakọ̀ kì í bèèrè pé ta ni ó gba èrò mọ́ òun lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ kí ó tó yá ẹnì kejì rẹ̀ ní jáàkì. Ní pápá ilé ẹ̀kọ́ ní Ìsọlọ̀, ọmọ tí ó ṣe ipò kejì nínú 100 mítà yóò tún na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn, yóò sì gbà gbọ́ pé ẹni tí ó borí òun yóò fi ọ̀pá sí i. Bẹ́ẹ̀ ni Sunday Bada ṣe na ọ̀pá síwájú ní Sydney, sí ọmọ ọdún 18 tí ó ń dúró dè é. Wúrà tí ó wà nínú ọ̀pá náà, àwọn tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni ó gbà á fún un.